Nítorí Wáì-Fáì Ilé Rẹ, Mo Mú Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Sátidé Padà

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí Làmídì ọkọ rẹ, mo sì kí ilé tuntun tí ẹ wà. Ara mi le. Síípù àti bọ́tìnnì mi ń tà níwọ̀nba ní ọjà Akẹ̀sán. Má jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ti rí i pé ìwé ni mo kọ sí ọ. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Èmi àti ìwọ kì í kọ lẹ́tà síra wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí mo bá pè ọ́, ńṣe ni o máa ń jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta kí ọwọ́ rẹ lè wà lẹ́nu iṣẹ́, ògiri yàrá yín ní ẹ̀gbẹ́ Sábó kò sì nípọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí Ìyá Onílé yín bá wa gbọ́ ọ. Àlàájà tó máa ń wá ra òwú lọ́wọ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Ó ní òun yóò fi lé ọ lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ku ọ̀la kí ọmọ Ìyá Onílé dé, àyè ṣì wà fún ọ.

Ní Sátidé, o pè mí, o ní Ìyá Onílé sọ pé ayálégbé tó wà nínú yàrá yín tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ilé ní Wáì-Fáì, kí ìyàwó tuntun náà jọ̀wọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. O ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ ní Jímọ̀, òun ni yóò kọ páswọ́ọ̀dù náà sára ògiri ẹnu géètì, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ètò ilẹ̀ gbígbá sí. O ní, "Mọ́mì, kí ni kí n sọ?" Oníbàárà méjì ń bá mi nájà lọ́wọ́. Mo ní, "Fún wọn jàre. Wọn ò gbọdọ̀ pe ìyàwó tuntun ní ahun." O ní ó dáa, a sì pa fóònù.

Àbẹ̀kẹ́, mo mú ọ̀rọ̀ yẹn padà. Má fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá ń ka bọ́tìnnì fún ènìyàn, mo ń ṣì í kà, o sì mọ̀ pé èmi kì í ṣi nǹkan kà. Kí n tó dé ilé lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni mo ti rántí ohun tí o fi ń jẹun. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ fún mi nígbà tí o gba iṣẹ́ náà: èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé ìwòsàn, ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí ò ń dá a padà fún ilé-iṣẹ́ yín. O ní wọ́n mú ọ fọwọ́ sí i pé ohun tí o bá rí kò ní jáde kúrò nínú ilé rẹ, àti pé bí ó bá jáde, iṣẹ́ náà tán nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì lè dé ilé ẹjọ́. Èmi wá sọ fún ọ pé kí o kọ kọ́kọ́rọ́ ilé náà sára ògiri ẹnu géètì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí Sábó yóò ti rí i kà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa fún ọ. O wà níbi àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Mi ò sọ ọ́ fún ọ nítorí ojú tì mí, mi ò sì ní sọ ọ́ báyìí bí kì í bá ṣe nítorí iṣẹ́ rẹ.

O rántí pé lẹ́yìn tí ìyá mi kú, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a sì yọ ẹnu ẹ̀rọ kan síta ògiri kí àdúgbò lè máa pọnmi níbẹ̀, kí ó jẹ́ sàárà tí ẹ̀san rẹ̀ yóò máa dé bá a. Nígbà tí Mùbáráká àbúrò rẹ gbé ráútà wá sílé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo àwọn ọmọléèwé tó ń pọnmi lẹ́yìn ògiri yìí. Owó dátà ń pa wọ́n. Tí a bá ṣí Wáì-Fáì wa sílẹ̀, ṣebí sàárà ni ìyẹn náà." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ṣírò rẹ̀: iye kan náà ni à ń san lóṣù, bí ẹnì kan lò ó, bí ogún ènìyàn lò ó. Oore tí kò fi kọ́bọ̀ kún ìnáwó, níbo ni ènìyàn ti ń rí i? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣí i sílẹ̀ láìsí páswọ́ọ̀dù kankan. Ọmọ yóò gbé korobá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, yóò jókòó sórí kọnkéré, yóò máa tẹ fóònù títí korobá yóò fi kún. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ìyá mi. Inú mi ń dùn.

Àsìkò yẹn náà ni òwú àti síípù bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú yàrá iwájú tí mo ń kó ọjà sí. Mùbáráká bá kọ́ kámẹ́rà kékeré kan sí igun yàrá náà, ó so ó mọ́ Wáì-Fáì, kí n lè máa wo yàrá náà lórí fóònù mi bí mo bá wà lọ́jà.

Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ ti ẹ̀rọ omi pa. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Ìyá Oní-síípù, ẹsẹ̀ yín ṣì yá o. Ijó tí ẹ jó lánàá yẹn, ọmọge lásán ni." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé mo ti darúgbó?" Mo ti wọlé, mo ti gbé omi kaná, kí n tó dúró gbagidi. Inú yàrá ọjà ni mo ti jó lánàá. Mo ti ilẹ̀kùn. Fèrèsé wà ní títì nítorí eruku. Orin kan wà lórí rédíò, ooru mú, yẹ̀rì nìkan ló wà lára mi. Kò sí ènìyàn kankan pẹ̀lú mi nínú yàrá náà.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Omi náà hó títí ó fi gbẹ.

Mi ò lè sọ ọ́ fún Mùbáráká. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ mi ọkùnrin pé yẹ̀rì ni mo wọ̀? Mo fi gèlè bo kámẹ́rà náà, mo sì wá Bùkọ́lá lọ sí Òwódé, ọmọbìnrin tó máa ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù to Wáì-Fáì wọn. Iye tó kọ́kọ́ pè, mo ná an sí ìdajì, nítorí nínú ìdààmú náà, ojú mi ṣì ń ríran. Ó bá mi dé ilé, ó tẹ fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá wò mí.

"Ìyá, àwọn wo nìyí?"

"Àwọn wo?"

"Fóònù mẹ́tàdínlógún ló wà lórí Wáì-Fáì yín báyìí."

"Sàárà ni."

"Kámẹ́rà ńkọ́, ṣé òun náà sàárà ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ó rí ojú mi, ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó mà. Omi yẹn, ìta lẹ yọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Wáì-Fáì yìí ní tirẹ̀, ńṣe lẹ ṣí géètì, tí ẹ ní kí wọ́n wá máa pọnmi nínú kíṣìnnì. Ẹni tó bá ti wọ orí Wáì-Fáì yín, inú ilé ló wà. Ó ń rí ráútà, ó ń rí kámẹ́rà, ó ń rí ohun gbogbo tí ẹ so mọ́ ọn. Páswọ́ọ̀dù tí kámẹ́rà yìí sì gbé bọ̀ látinú páálí ló ṣì ń lò. Gbogbo ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

"Ṣé wọ́n rí mi?"

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí, Ìyá." Ó yíjú sí ráútà. "Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn ná."

Títí di òní, mi ò mọ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò padà wá pọnmi mọ́. Bí mo bá rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀ ládùúgbò, ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ijó ìyá arúgbó kan ṣoṣo nìyẹn o. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde láti ilé tìrẹ, ìdílé mélòó ni yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí mo ti jókòó? Ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ tí kò tíì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lóyún tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò sì mọ̀ wọ́n ju orúkọ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà.

Nítorí náà, gbọ́ bí wàá ṣe ṣe é. Mo ní kí Bùkọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo ti sanwó rẹ̀. Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bá Làmídì jókòó, kí ẹ jọ fẹnu kò. Ilé rẹ̀ ni, ráútà rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a wo bọ́ọ̀lù ti ní páswọ́ọ̀dù yẹn. Má bá a jà. Jẹ́ kí ó ka lẹ́tà yìí, títí kan ibi yẹ̀rì. Ìtìjú tèmi kò tó iṣẹ́ rẹ.

Ìkíní ni ẹnà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń fọ ẹnà kí ìyá wa má baà mọ ohun tí à ń sọ. A rò pé a gbọ́n. Lọ́jọ́ kan a ń fi ẹnà sọ ẹni tí kò ní fọ abọ́, ìyá wa fi ẹnà kan náà dá wa lóhùn láti inú yàrá pé àwa méjèèjì ni yóò fọ̀ ọ́. Ó ti kọ́ ọ láìsọ fún wa. Bùkọ́lá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni Wáì-Fáì ṣe rí. Ojú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà láti inú kọ̀ǹpútà rẹ dé ọ̀dọ̀ ráútà, ẹni tó bá sì wà nítòsí lè gbá a mú bí a ti ń gbá rédíò mú. Ohun tí kò ní jẹ́ kí ó yé e ni ẹnà tí ráútà rẹ ń fọ̀. Àwọn ẹnà náà ní orúkọ, wàá rí wọn lójú ewé ráútà tó máa ń ṣí lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń yan irú ààbò. Èyí tó ń jẹ́ WEP ti pẹ́ láyé, gbogbo ènìyàn ti kọ́ ọ bí ìyá wa ti kọ́ tiwa. Má yàn án láéláé. WPA tí kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn, òun náà ti gbó. WPA2 dára bí wọ́n bá kọ AES mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ TKIP ni wọ́n kọ mọ́ ọn, fi í sílẹ̀. WPA3 ló dára jù. Má wo orúkọ wọn pẹ́, nọ́ńbà ni kí o wò: mú èyí tó tóbi jù tí ẹ̀rọ yín lè gbé.

Mo bi Bùkọ́lá pé kí ni mẹ́ta fi ju méjì lọ, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tí mi ò nílò fún mi. Ó ní nínú WPA2, ẹni tó bá ti mọ páswọ́ọ̀dù ilé, tó ní irinṣẹ́, tó sì dẹtí sílẹ̀ lásìkò tí kọ̀ǹpútà rẹ ń wọlé, lè tú ọ̀rọ̀ tìrẹ náà. Nínú WPA3, oníkálukú ní ẹnà tirẹ̀ pẹ̀lú ráútà. Bí ẹ tilẹ̀ jọ mọ páswọ́ọ̀dù kan náà, kò lè gbọ́ tìrẹ. Ibi tó ti ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe olè nìkan ni à ń sá fún. Ẹni tí ìwọ fúnra rẹ fún ní páswọ́ọ̀dù náà lè dẹtí sí ọ. Bí fóònù Làmídì tó ti pẹ́ yẹn kò bá lè wọlé pẹ̀lú WPA3, ibì kan wà tí wọ́n kọ WPA2 àti WPA3 pọ̀ sí. Yan ìyẹn. Má tìtorí fóònù kan sọ gbogbo ilé kalẹ̀ sí WEP.

Ìkejì, ráútà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni Làmídì rà ní Ọjà Igbó. Èmi ni mo kókìkí rẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí owó tó kù sápò. Ẹ wá ihò kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ inú rẹ̀ kí ẹ sì dì í mú títí iná rẹ̀ yóò fi ṣẹ́jú, kí ó gbàgbé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ ojú ewé ráútà. Ìyẹn yàtọ̀ sí páswọ́ọ̀dù Wáì-Fáì. Ó sábà máa ń wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹni tó bá sì ní in lè tú gbogbo ohun tí ẹ ti tò. Bí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gba àtúnṣe tuntun láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí ó gbà á. Bí ẹ bá wá WPA2 àti WPA3 tí ẹ ò rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ pa á tì, kí ẹ ra tuntun. O mọ̀ mí. Èmi kì í sọ pé kí ènìyàn ra tuntun bí ògbólógbòó bá ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó owó oṣù rẹ kan. Màá san ìdajì.

Ìkẹta ni páswọ́ọ̀dù. Má kọ Àbẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Má kọ oríkì ìdílé Làmídì. Àràárọ̀ ni àwọn ìyá ilé ọkọ rẹ fi ń kí i lójú gbogbo ènìyàn, ẹ̀yin ẹbí sì rò pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Má kọ ọjọ́ ìgbéyàwó yín, ó wà lára gbogbo ike tí a pín lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà nínú kíṣìnnì gbogbo àdúgbò. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ó dà bí ohun tó gùn, ó jẹ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló lè mọ mẹ́rin àkọ́kọ́, méje ló kù. Nọ́ńbà lásán kò tó. Bí ráútà tiẹ̀ gbà kí o kọ nọ́ńbà mẹ́rin, ẹgbàárùn-ún ọ̀nà péré ló wà, ẹ̀rọ kan á sì dán gbogbo rẹ̀ wò kí o tó mu omi tán. Ọ̀rọ̀ ni kí o lò. Mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí àpótí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó mú nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Má kọ àmì ohùn sórí wọn, fóònù mìíràn kò ní i. Kà á, kí lẹ́tà rẹ̀ ju ogún lọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí o bá fi kún un ń sọ iṣẹ́ olè di ìlọ́po ìlọ́po, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Bí ò ń bẹ̀rù pé wàá gbàgbé, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi sísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ. Bí olè bá ti dé ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti Wáì-Fáì.

Má fi orúkọ yín pe Wáì-Fáì náà. Èyí tó ń jẹ́ "Ilé Làmídì" báyìí, ẹ pa á dà sí orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń kọjá. Bọ́tìnnì kékeré kan sì wà lẹ́yìn ráútà tí wọ́n kọ WPS sí, tó máa ń jẹ́ kí fóònù wọlé láìkọ páswọ́ọ̀dù. Ẹ wọ ojú ewé ráútà kí ẹ pa á. Kí ni à ń ti ilẹ̀kùn fún bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé, òun sì ló le jù. Lẹ́yìn tí Bùkọ́lá ti tèmi pa, mi ò gbádùn ara mi. Ọmọbìnrin kan gbé korobá dé, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Ìyá, Wáì-Fáì ti lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Sàárà náà ti parí ni?" Kò fi ṣe àfojúdi, ó kàn ń bèèrè ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé eegun. Mo pe Bùkọ́lá padà. Ó ní òun ì bá ti sọ fún mi, ìbínú mi ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́: ráútà lè ṣe Wáì-Fáì kejì fún àlejò, pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ àti páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá wà lórí tàlejò yóò rí ìta ayé, kò ní rí ohunkóhun nínú ilé. Ó ṣe é fún mi, ó fi WPA2 dì í, ó sì dín bí ó ti ń yára kù. Mo ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ déédéé, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo mọ ìyá wọn.

Ṣé kí ìwọ náà wá ṣe tàlejò fún gbogbo ilé ní Jímọ̀? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Lówùúrọ̀ mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀sán mo ní rárá. Tàlejò yóò dáàbò bo iṣẹ́ rẹ, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ni wọ́n fi gba láìnì Wáì-Fáì yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá gba orí rẹ̀ ṣe, ilẹ̀kùn rẹ ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn. Oṣù kan kò tíì pé tí o débẹ̀, o kò tíì mọ àwọn tó ń gbé inú yàrá tó kù. Èrò mi rèé: ní Jímọ̀, má fún ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun sí ògiri. Ti inú ilé ná. Tó bá ṣe díẹ̀, bí Ìyá Onílé bá fẹ́ bá àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀, mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ, fi í sórí tàlejò. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe é, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí o mọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣì í, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù mi mọ nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. Ìyá Onílé yín, ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, o sì ní láti ọjọ́ tí o ti kó dé ló ti ń gbàdúrà fún ọ. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ rárá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kúnlẹ̀ kí i. Sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orí Wáì-Fáì yẹn ni iṣẹ́ mi wà, àwọn ọ̀gá mi ò sì gbà kí ẹlòmíràn wọ ibẹ̀." Òtítọ́ ni, o kò parọ́. Bí ó bá ní ayálégbé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe é, sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò rí bí tèmi." Má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé púpọ̀ á jẹ́ kí ó rò pé o fura sí ẹnì kan nínú ilé, ibẹ̀ ni ìjà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá wá le, tí àwọn ayálégbé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí ọ lórí ìlà aṣọ, gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Sọ pé, "Mọ́mì mi ló ní kí n má fún ẹnikẹ́ni." Bí wọ́n bá bi ọ́ pé irú ìyá wo nìyẹn, sọ pé ahun ni. Mo fún ọ láṣẹ. Ìwọ àti wọn lẹ jọ ń lo kíṣìnnì àti ilé ìwẹ̀, ìwọ ni wọn yóò bá gbé ọmọ pọ̀n lọ́jọ́ tí o bá bí. Èmi wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, wọn ò mọ ojú mi, orúkọ náà ò sì ní bà mí lọ́jà jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá wọkọ̀ wá, màá lọ kí Ìyá Onílé nínú yàrá rẹ̀, màá kúnlẹ̀ fún un nítorí ó jù mí lọ, kí ó wo ojú ìyá ahun náà dáadáa kí ó sì bú mi tẹ́rùn. Tó bá bú mi tán, ọ̀rọ̀ náà á ti kúrò lórí rẹ.

Ìwọ sáà ti ilẹ̀kùn yẹn kí Jímọ̀ tó dé.

Mi ò ní pè ọ́. Ìwọ ni kí o pè mí nígbà tí ẹ bá ṣe é tán. Bí o bá kàn kí mi pé ẹ kú ilé, ó tó, màá mọ̀. Mo ń retí rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Nọ́ímọ̀tù, tí oorun rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.